Àpótí Iná Alágbèéká: Ohun Tí W àti Wh Tó Wà Lára Rẹ̀ Ń Sọ

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé àpótí iná alágbèéká lọ síbi tí a ti lọ pàgọ́, mo ki kẹ́tùlù iná bọ̀ ọ́ lára kí n fi se omi tíì. Bí mo ṣe tẹ kẹ́tùlù náà báyìí, àpótí dún píì, iná pupa kan tàn lójú rẹ̀, gbogbo ohun tí a kì sí i lára sì kú lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan gílóòbù tí a gbé kọ́ ẹnu àgọ́. Òkùnkùn bò wá. Bẹ́ẹ̀, ojú àpótí ṣì ń kọ 96%. Mo tún un tàn, mo tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, ohun kan náà ló ń ṣe. Mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.

Kò sí ohun tó ṣe àpótí náà. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára, 500W àti 512Wh, mo sì ti rò pé nǹkan kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Láti ìgbà náà mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn yan tiwọn, àwọn kan fún ìpàgọ́, àwọn kan fún ìgbà tí iná bá lọ nílé, ibi nọ́ńbà méjì yìí kan náà sì ni mo ti ń bá gbogbo wọn. Ẹni tí wọ́n bá ti yé, ìyókù á rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Kí ló wà nínú àpótí náà gan-an?

Ohun tí wọ́n ń pè ní power station yìí, bátìrì ńlá ni, pẹ̀lú ínfátà tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tó ń jáde lára ògiri, àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣọ́ bátìrì náà kó má gbóná jù, kó má kún jù, kó má sì gbẹ jù. Bí ẹ bá ti rí ilé tó ń lo sólà rí, tí bátìrì wà nílẹ̀ lọ́tọ̀, tí ínfátà wà lára ògiri lọ́tọ̀, ẹ kàn rò ó pé wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpótí kan, wọ́n wá fi ọwọ́ sí i kí ẹ lè gbé e.

Àwọn kan máa ń pè é ní jẹnẹrétọ̀ sólà. Mi ò fẹ́ràn orúkọ yẹn rárá, torí ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Jẹnẹrétọ̀ ń jẹ epo, ó ń ṣe iná. Bí ẹ bá ṣáà ń bu epo sí i, á máa bá iṣẹ́ lọ. Àpótí yìí kì í ṣe iná. Ó ń tọ́jú iná ni. Ìwọ̀nba tí ẹ bá rọ sínú rẹ̀ náà lẹ máa rí fà jáde, ó tiẹ̀ tún máa ń dín díẹ̀. Àmọ́ nítorí pé kì í jẹ epo, kò ní èéfín, kì í pariwo, ẹ sì lè gbé e sínú yàrá tí ẹ ń sùn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ dán ìyẹn wò pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ láéláé. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì tó ń bá èéfín rẹ̀ jáde kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú orun.

Dúrọ́ọ̀mù àti ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀

Ẹ fojú inú wo dúrọ́ọ̀mù omi kan tí wọ́n fi ẹnu ẹ̀rọ sí nísàlẹ̀. Bí dúrọ́ọ̀mù náà ṣe tóbi tó ni Wh, ìyẹn wọ́ọ̀tì-wákàtí. Bí ẹnu ẹ̀rọ náà ṣe fẹ̀ tó ni W, wọ́ọ̀tì. Dúrọ́ọ̀mù lè tóbi kí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín: omi pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ kò lè tú jáde yàà. Dúrọ́ọ̀mù kékeré náà sì lè ní ẹnu tó fẹ̀: omi á tú yàà, á sì tán kíákíá. Kẹ́tùlù tí mo gbé lọ sí àgọ́ ń béèrè 2,000W. Ẹnu àpótí mi kò ju 500W lọ. Dúrọ́ọ̀mù kún lóòótọ́, ẹnu rẹ̀ ni kò gba ohun tí kẹ́tùlù ń fẹ́, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bátìrì sì pa gbogbo rẹ̀ kí nǹkan má baà jóná.

James Watt, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó tún ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ṣe, tó kú lọ́dún 1819, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ wọ́ọ̀tì. Òun kan náà ló máa ń fi iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ wé iṣẹ́ ẹṣin kí àwọn tó fẹ́ rà á lè mọ ohun tí wọ́n ń rà. Agbára ẹṣin kan jẹ́ nǹkan bíi 746W. Ẹ ò rí i pé kẹ́tùlù kékeré orí tábìlì yẹn ń béèrè agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹṣin mẹ́ta lọ́wọ́ àpótí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé.

Wh ni ẹ máa fi mọ wákàtí tí iná á lò. Ẹ wo iye W tí ohun èlò yín ń fà, ẹ fi pín iye Wh tó wà nínú àpótí. Láptọ́ọ̀pù tó ń fà 60W lára àpótí 512Wh yẹ kó lo wákàtí mẹ́jọ àbọ̀. Lórí ìwé nìyẹn. Ínfátà máa ń jẹ nínú iná tó bá ń yí i padà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìdá 85 nínú 100 ni mo máa ń fi ṣírò ohunkóhun tí a bá kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, irú ti ara ògiri. 512 á wá di nǹkan bíi 435, láptọ́ọ̀pù náà á sì lo wákàtí méje àti díẹ̀. Ẹ ṣírò bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó rà á, kò ní já yín kulẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kẹ́tùlù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ju gbogbo ìwé ìlànà lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnu àpótí náà fẹ̀ tó, pé ó gba 2,000W. Láti gbé lítà omi kan láti 20°C dé ìgbà tó máa hó, agbára tó bọ́ sínú omi yẹn nìkan jẹ́ nǹkan bíi 93Wh. Ooru tó bá ara kẹ́tùlù lọ kò sí nínú rẹ̀. Ẹ kúkú pè é ní 100Wh. Ìyẹn ni pé lítà mẹ́rin péré, àpótí 512Wh ti gbẹ. 100Wh yẹn kan náà, bí ẹ bá fi tan gílóòbù kékeré tó ń fà 5W, ogún wákàtí ni yóò fi tàn: alẹ́ méjì, mẹ́ta, nínú àgọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo ohun tó bá ń mú nǹkan gbóná: áyọ́ọ̀nù, sítóòfù iná, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, hítà. Ìmọ́lẹ̀, fóònù, rédíò, fáànù kékeré, ráútà íntánẹ́ẹ̀tì, owó kékeré ni gbogbo ìyẹn ń ná. Ooru ló ń ná owó ńlá.

Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn tó ń ta àpótí kéékèèké máa ń lò. Dípò Wh, wọ́n á kọ mAh, ìyẹn mílíáńpíà-wákàtí, sí i, nọ́ńbà náà á sì gùn gbọọrọ: 140,000mAh! Ó ń dẹ́rù bani. Àmọ́ mAh nìkan kò sọ nǹkan kan àfi tí ẹ bá mọ fólítì tó bá a rìn. Bátìrì lítíọ̀mù tí wọ́n sábà máa ń lò sínú pọ́wà báńkì jẹ́ 3.7V. Ẹ pín mAh sí 1,000, ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 3.7. 140,000mAh yẹn wá di 518Wh, ìyẹn ẹgbẹ́ àpótí tí mo gbé lọ sí àgọ́. Pọ́wà báńkì 20,000mAh tó wà nínú báàgì yín jẹ́ 74Wh.

Iṣẹ́ ìṣírò yìí wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú. Òfin ìrìnnà òfuurufú àgbáyé gba bátìrì tí kò ju 100Wh lọ lọ́wọ́ èrò. Láàárín 100Wh sí 160Wh, àfi kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà fọwọ́ sí i. Ohun tó bá ti ju 160Wh lọ, kò sí àyè fún un nínú ọkọ̀ èrò, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ tàbí nínú ẹrù. Gbogbo àpótí tó tó fún ilé ló ti kọjá iye yẹn fíìfíì. Ẹni tó bá fẹ́ pàgọ́ níbi tó máa fi ọkọ̀ òfuurufú dé, kó yáa wá àpótí níbi tó ń lọ.

Iná tí kò sí ẹni tó ń lò ó

Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí pé àpótí òun ń jò. Ó fi 100% sílẹ̀ lálẹ́, ó fi fóònù kan ṣoṣo sí i, ó bá 70% láàárọ̀. Mo ní kó sọ ibi tó ki fóònù náà sí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ló ki í bọ̀, pẹ̀lú ṣájà fóònù.

Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ AC sí, èyí tó ń tan sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, ínfátà ti jí nìyẹn, kò sì ní sùn mọ́ títí ẹ ó fi pa á. Bí ohunkóhun kò tilẹ̀ sí lára rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á máa fa nǹkan bíi 10W, àwọn ńlá lè fà jù bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́wàá, 100Wh ti lọ lásán. Bátìrì fóònù ńlá kan kò ju nǹkan bíi 20Wh lọ, ìyẹn ni pé ohun tí ínfátà jẹ lóru ọjọ́ yẹn tó ohun tí fóònù márùn-ún á jẹ. Ihò USB àti ihò 12V kò nílò ínfátà rárá. Fóònù, tọ́ọ̀ṣì, àwọn láptọ́ọ̀pù tó ń lo USB-C, ibẹ̀ ni kí ẹ kì wọ́n sí, kí ẹ sì pa AC. Nínú àgọ́, èyí nìkan lè fi odindi ọjọ́ kan kún ọjọ́ tí àpótí yín á lò.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń pàgọ́ dáadáa fi fẹ́ràn fíríìjì kékeré tó ń lo 12V tààrà. Kọ́ḿpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù, sábà máa ń fà láàárín 40W sí 60W nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń sinmi lọ́pọ̀ ìgbà bí ohun inú rẹ̀ bá ti tutù. Ẹ kó ohun tó ti tutù láti ilé sínú rẹ̀, ẹ gbé e síbi òjìji, yóò jẹun bí ẹyẹ.

Fíríìjì ilé

Fíríìjì ni ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń bi mí, òun náà ló sì ń rú wọn lójú jù lọ, torí nọ́ńbà mẹ́ta ló ní.

Ẹ dúró ti fíríìjì yín lálẹ́ tí ariwo kò sí, kí ẹ tẹ́tí sí i. Ẹ máa gbọ́ ohun kan tó dún kọ́, lẹ́yìn náà ó á bẹ̀rẹ̀ sí kùn hùn-ún-ùn. Ìṣẹ́jú mélòó kan, ó á dákẹ́. Ìgbà tó dún kọ́ yẹn, kọ́ḿpúrẹ́sọ̀ ló ń dìde. Bí ẹni tó fẹ́ ti mọ́tò tó kú ni: ìgbà tó máa kọ́kọ́ yí ló le jù, bó bá ti ń yí, kò gba agbára púpọ̀ mọ́. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, fíríìjì tó ń fà 150W nígbà tó bá ń kùn lè béèrè ìlọ́po mẹ́ta, ìlọ́po márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpótí kan lè gbé 500W láìdúró, síbẹ̀ kó kú lójú fíríìjì 150W, kò sì sí irọ́ kankan níbẹ̀. Nọ́ńbà kejì fíríìjì nìyẹn. Ẹ wá èyí tó bá a mu lára àpótí náà, tí wọ́n ń pè ní surge tàbí peak. Òun ni agbára tó lè gbé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Fíríìjì ilé tó jẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, tí kò ní kọ́ḿpúrẹ́sọ̀ ínfátà bíi tòde òní, èmi kì í fi àpótí tó kéré sí 1,000W sí i.

Nọ́ńbà kẹta ni iye tó ń jẹ lójúmọ́, torí ó ń kùn, ó ń dákẹ́. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi 150W ṣe ìlọ́po 24 kí ẹ rí òótọ́. Ọ̀pọ̀ fíríìjì ilé tó mọ níwọ̀n ń jẹ nǹkan bíi 1,000Wh lójúmọ́. Èyí tó tóbi tó sì ti gbó ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. 1,000Wh lójúmọ́ dà bíi pé ó ń fa nǹkan bíi 42W láìdúró, tí a bá dá a ṣe déédéé. Àpótí 1,024Wh, bí a bá yọ ohun tí ínfátà ń jẹ kúrò, á ku nǹkan bíi 870Wh. Ẹ fi 42 pín in, wákàtí ogún lé díẹ̀ ni. Bí a bá tún fi 10W tí ínfátà tí kò sùn ń fà mọ́jú kún un, ó sún mọ́ wákàtí mẹ́rìndínlógún sí mẹ́tàdínlógún. Èmi máa ń sọ fún ènìyàn pé kó fọkàn sí mẹ́rìndínlógún.

Kò sì pọn dandan kí fíríìjì wà lórí àpótí ní gbogbo ìgbà yẹn. Bí ẹ ò bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, oúnjẹ inú fíríìjì á ṣì wà láìléwu fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí iná bá lọ. Fírísà tó kún dẹ́múdẹ́mú lè mú òtútù rẹ̀ dúró fún nǹkan bíi wákàtí 48. Ẹ lè jẹ́ kó ṣiṣẹ́ wákàtí kan, kí ẹ yọ ọ́ fún wákàtí méjì, kí ẹ fi àpótí náà ṣe nǹkan míì. Èèyàn tó bá ń ṣí fíríìjì wo ohun tó wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú ló ń pa bátìrì.

Irú bátìrì wo ni?

Irú méjì ló wọ́pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni bátìrì lítíọ̀mù bíi ti fóònù àti láptọ́ọ̀pù, irú tí ilé iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé jáde fún títà lọ́dún 1991. Wọ́n sábà máa ń kọ NMC sí i lónìí. Èkejì ni LiFePO4, tí wọ́n tún ń kọ ní LFP, èyí tó ń lo irin àti fọ́sífétì. John Goodenough àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Texas ló gbé ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1997. Lọ́dún 2019 wọ́n fún Goodenough ní ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Stanley Whittingham àti Akira Yoshino lórí iṣẹ́ bátìrì lítíọ̀mù. Ẹni ọdún 97 ni nígbà náà, kò sì sí ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tó ti gba ẹ̀bùn náà rí.

Èyí tó kàn yín níbẹ̀ ni pé NMC fúyẹ́ ju LFP lọ, LFP sì ń pẹ́ jù ú lọ, kì í sì í tètè gbaná. NMC lè gba ṣáájì kíkún nǹkan bí ìgbà 500 sí 1,000 kí agbára rẹ̀ tó ṣẹ́ kù sí ìdá 80 nínú 100. LFP sábà máa ń kọjá ìgbà 2,000, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń kọ 3,000 sí. Bí iná bá ń lọ nílé yín lójoojúmọ́ tí ẹ ó sì máa lò ó lójoojúmọ́, LFP ni kí ẹ rà, mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ méjì. Bó bá jẹ́ pé orí òkè lẹ máa rù ú gùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìwúwo rẹ̀ á yà yín lẹ́nu: àpótí LFP tó jẹ́ 1,000Wh sábà máa ń wúwo ju kílò mẹ́wàá lọ.

Àwọn méjèèjì kórìíra òtútù nígbà ṣáájì. Bí ara bátìrì bá ti tutù ju 0°C lọ, ẹ má ṣáájì rẹ̀. Lítíọ̀mù á máa dì mọ́ ibi tí kò yẹ nínú bátìrì, ohun tó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kò ní àtúnṣe. Àpótí tó dára á kọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e wọ inú àgọ́ sùn, kí ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó di àárọ̀.

Bí a ṣe ń rọ iná sínú rẹ̀

Ti ògiri ló yá jù, kò sí àlàyé púpọ̀ níbẹ̀. Ti ọkọ̀ ló máa ń jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ènìyàn: ihò 12V inú ọkọ̀ kì í sábà gbé ju 10A, ìyẹn áńpíà mẹ́wàá, lọ, 12 lọ́nà 10 jẹ́ 120W. Láti kún àpótí 1,024Wh, ẹ máa wakọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Ó dára fún ìrìn àjò gígùn. Kí ẹ jókòó síbi kan náà kí ẹ máa jó epo ọkọ̀ torí rẹ̀ kò bọ́gbọ́n mu.

Sólà ló nílò sùúrù. Wọ́n kọ 100W sára pánẹ́ẹ̀lì torí ibẹ̀ ló dé nígbà tí wọ́n dán an wò nínú ilé ìwádìí, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́ 1,000W lórí mítà onígun mẹ́rin kan, tí ara pánẹ́ẹ̀lì sì wà ní 25°C. Lóde, oòrùn tó mú dáadáa yóò mú ara pánẹ́ẹ̀lì náà gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá sì ti ń gbóná ni agbára rẹ̀ ń dín. Ẹ fọkàn sí 70W sí 80W lọ́sàn-án gangan. Pánẹ́ẹ̀lì 200W tó rí oòrùn tó dára fún wákàtí mẹ́rin á gbé nǹkan bíi 600Wh wá. Òjìji ẹ̀ka igi kan ṣoṣo tó bọ́ sí apá kan rẹ̀ lè gé ìdajì rẹ̀ kúrò. Mo ti rí i tí ènìyàn ń bú pánẹ́ẹ̀lì, nígbà tó jẹ́ pé okùn àgọ́ ló ta òjìji sí i láàárín. Ẹ máa yí i tẹ̀ lé oòrùn, ẹ gbé àpótí fúnra rẹ̀ sábẹ́ òjìji, kí wáyà gùn láàárín wọn. Pánẹ́ẹ̀lì ló ń fẹ́ oòrùn, bátìrì kò fẹ́ ẹ.

Ohun kan wà tó ń ba àpótí jẹ́ pátápátá: fólítì tó pọ̀ jù. Bí ẹ bá so pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta pọ̀ léra wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 22V, fólítì wọn á parapọ̀ di 66V. Bí wọ́n bá kọ sára àpótí pé 60V ni òpin, ẹ ti jó ibi tó ń gba sólà nìyẹn. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Voc lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn fólítì rẹ̀ nígbà tí kò sí ohun tó ń fa iná lára rẹ̀, òun ni kí ẹ fi ṣírò, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀, torí láàárọ̀ tí òtútù bá mú, fólítì pánẹ́ẹ̀lì máa ń ga sí i.

Nílé, ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe

Àwọn kan ń ṣe wáyà tó ní orí akọ méjèèjì, wọ́n á ki orí kan bọ àpótí, wọ́n á ki èkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri kí gbogbo ilé lè tàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Iná yẹn lè gba wáyà ilé jáde dé ojú pópó, kó dé ara tiransifọ́mà, kí tiransifọ́mà sì gbé fólítì rẹ̀ ga dé ìwọ̀n tó ń pa ènìyàn. Òṣìṣẹ́ iná tó wà lórí òpó, tó mọ̀ pé iná ti lọ, ló máa fọwọ́ kàn án. Orí wáyà tí kò sí ní sọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì ti ní iná lára, bí ọmọdé bá fà á yọ, ọwọ́ rẹ̀ ló máa bọ́ sí. Ẹ fi wáyà gígùn tí wọ́n ń pè ní extension gbé iná láti ara àpótí lọ sí ara fíríìjì tààrà. Ẹni tó bá fẹ́ kó wọ wáyà ilé, kó pe oníṣẹ́ iná tó gba ìwé àṣẹ kó fi ṣíwíìṣì ìyípadà sí i, èyí tó ń já ilé kúrò lára òpó ìta kí iná àpótí tó wọlé.

Ẹ tún wo fólítì rẹ̀ kí ẹ tó rà á láti ilẹ̀ òkèèrè. Amẹ́ríkà ń lo 120V, Japan 100V, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè yòókù sì ń lo nǹkan bíi 230V. Àpótí 120V kò ní tan fíríìjì 230V.

Àwọn àpótí kan lè dúró láàárín ògiri àti ohun èlò yín, kí wọ́n gba iṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ, láàárín ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá tàbí bẹ́ẹ̀. Ráútà àti ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìmí lójú oorun, irú CPAP, tí kò bá tan apá tó ń mú omi gbóná, ẹ̀rọ náà sábà máa ń fà láàárín 30W sí 60W. Wákàtí mẹ́jọ lórí 40W jẹ́ 320Wh. Ẹ̀rọ atẹ́gùn ọ́síjìn inú ilé ní tirẹ̀ lè fà 300W tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìdúró, àpótí 1,024Wh kò ní gbé e ju wákàtí mẹ́ta lọ. Bí ẹ̀mí ènìyàn bá so mọ́ ọn, ẹ bá àwọn tó fún yín ní ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, ẹ sì ní ọ̀nà kejì nílẹ̀, torí àpótí kan kò tó.

Bí ẹ ò bá lò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní nǹkan bíi 50% sí 60%, níbi tó tutù díẹ̀, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ má fi í sínú bùútù ọkọ̀ tó ń gba oòrùn. Ẹ má ṣáájì rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ máa gbà sá bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Èyí tó bá wú, tó ń rùn, tàbí tó ti bọ́ sínú omi, ẹ má tún un tàn mọ́. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba bátìrì ògbólógbòó.

Kí ẹ tó fọkàn tán an, ẹ dán an wò lọ́jọ́ tí iná wà. Èmi yan alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo ki fíríìjì, ráútà àti gílóòbù méjì bọ àpótí 1,024Wh tí mo ń lò nílé báyìí ní aago méje alẹ́, mo sì ń kọ nọ́ńbà ojú rẹ̀ sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí mo fi sùn. Ó jẹ́ 91% ní aago mẹ́jọ, 83% ní aago mẹ́sàn-án. Ó yá jù. Mo wá rí i pé tẹlifíṣọ̀n wà lára wáyà kan náà, ó sùn lásán ni, kò kú. Mo yọ ọ́, mo sì pa gílóòbù kan. Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kù 21%. Mo kọ gbogbo nọ́ńbà náà sí bébà kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì, níbi tí gbogbo ará ilé ti lè rí i bí iná bá lọ nígbà tí mi ò sí nílé.